Ilẹ̀kùn Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Ẹnjiníà Sọ Di Pátákó Ìkọ̀wé

Ẹnjiníà Ọláwọlé Àjíṣafẹ́ wà lára àwọn tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè ní Johannesburg bí afárá kan bá ń mì. Á dé akoto, á yí afárá náà po, á gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́pẹ́ bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn ẹṣin, á mi orí, á sì sọ ibi tí àìsàn rẹ̀ wà. Ẹni tó bá rí i lẹ́nu iṣẹ́ á gbà pé kò sí ohun tí a fi irin àti sìmẹ́ńtì kọ́ tí apá rẹ̀ kò ká. Ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé nìkan ni apá rẹ̀ kò ká.

Bertrams ni ilé náà wà, nítòsí pápá Ellis Park, ilé àtijọ́ kan tí ó háyà lọ́wọ́ onílé tí ó mọ ìlérí í ṣe ju àtúnṣe lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ti Nàìjíríà wá ti kó lọ sí Randburg tipẹ́, níbi tí gbogbo ilé ti jọra bí ẹyin, tí géètì sì ń ṣí fúnra rẹ̀. Ọláwọlé ní òun kò lọ síbì kan. Ó ní ilé òun ní àjà gíga, ó ní ilẹ̀ onípákó, ó sì ní ìtàn. Òótọ́ ló sọ. Ìtàn ọ̀hún pọ̀ débi pé bí òjò bá ti ṣú, wọ́n á gbé ìkòkò sí pálọ̀ láti fi gbè é.

Nomvula ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, ọmọ Zulu láti Soweto, tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní ọ́fíìsì kan. Ìfẹ́ ni wọ́n fi fẹ́ra wọn, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bára wọn jà. Láti ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti gbéra wọn níyàwó, Zulu tí Ọláwọlé gbọ́ kò ju "sawubona" tí wọ́n fi ń kíni, àti "yebo" tí í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ó máa ń fi "eish" tí í ṣe háà, àti "shap" tí í ṣe ó dáa, kún un kí ó lè pọ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá dé Johannesburg láàárọ̀, tó wọ takisí lọ́sàn-án, ti gbọ́ ìyẹn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Tiwalọlá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Gẹ̀ẹ́sì ń yọ lẹ́nu ọmọ náà bí omi ẹ̀rọ. Zulu ló ń bá ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ sọ. Yorùbá tí ó gbọ́ ni "wá jẹun" àti "màá nà ẹ́", kò sì ka èyí èkejì sí, torí kò tíì rí i kó ṣẹ.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tí ìyá Ọláwọlé pè láti Iléṣà, tó ní kí wọ́n gbé fóònù fún ọmọ ọmọ òun.

"Tiwalọlá, ọmọ Ọbòkun, ṣé àlàáfíà lo wà?"

Ọmọ náà wo fóònù, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì fi gẹ̀ẹ́sì béèrè pé kí ni màmá ń sọ. Bàbá rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ fi gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé dáadáa ni. Bàbá tún túmọ̀ ìyẹn padà. Báyìí ni wọ́n ṣe é títí ó fi sú màmá.

"Ọláwọlé," ni màmá sọ nígbà tó yá, "ṣé ọmọ tìrẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni, àbí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì? Mo bí ọ, mo pọ̀n ọ́, mo rán ọ níwèé. Kí n tó wá lè kí ọmọ ọmọ mi, àfi kí n wá ògbufọ̀? Ó dáa. Mi ò lọ síbì kankan. Bí òṣómàáló ni màá ṣe lóṣòó síbí, títí tí màá fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọláwọlé lára. Ó dun ún tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń sọ ọ́ káàkiri fún gbogbo ènìyàn, pé ohun ìtìjú ni kí ọmọ má gbọ́ èdè ìyá bàbá rẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì sọ ọ́ lójú MaKhumalo, ìyá ìyàwó rẹ̀, lọ́jọ́ Sunday. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, èyí tí MaKhumalo kò gbọ́ délẹ̀. Obìnrin náà mi orí fún un tàánútàánú. Kò sì sí ẹni tó rántí bi Ẹnjiníà léèrè bí òun àti ìyá ìyàwó tirẹ̀ ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mọ́kànlá.

Olúfẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Randburg, ló kọ́kọ́ mú ojútùú wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ayé ti lajú o," ni Olúfẹ́mi wí. "Inú fóònù ni àwọn ọmọ ìwòyí ti ń kọ́ nǹkan. Ẹ gbé e wá kí n fi sí i fún un."

Ó sì fi ohun kan tí ń kọ́ni lédè sínú fóònù ọmọ náà. Ohùn tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná jó lẹ́nu. Kò kọ́ ọmọ ní "ẹ kú ilé", kò kọ́ ọ ní "ẹ ṣeun". Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Tiwalọlá lè sọ gbólóhùn odindi. Bàbá rẹ̀ sáré pe Iléṣà. Ọmọ gba fóònù, ó wú ikọ́, ó sì fi gbogbo ẹnu wí pé:

"Ìjàpá náà ń mu wàrà."

Ní Iléṣà, màmá gbé fóònù sí etí kejì.

"Ọláwọlé," ni màmá ní, "ṣé ara ọmọ yìí kò gbóná?"

Ọjọ́ yẹn ni Ẹnjiníà pinnu pé òun fúnra òun ni yóò kọ́ ọmọ òun, pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé àti ṣọ́ọ̀kì, bí wọ́n ṣe kọ́ òun. Nomvula ní kí ó lọ ra pátákó ní ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ọkọ rẹ̀ wò ó bí ẹni tí a bú.

"Kí n ra pátákó? Ẹnjiníà ni mí."

Nomvula yíjú sí ilé ìdáná. Gbólóhùn kan náà ni ọkọ rẹ̀ sọ nígbà tí páìpù ibẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀, kí ó tó tún un ṣe tó fi wá ń tú yàà.

Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé, èyí tí ẹni tó gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó dé fi sílẹ̀. Onílé ti ń bọ̀ wá gbé e láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wọlé. Oòrùn ti pa á, òjò ti pa á, ológbò ti bímọ sínú rẹ̀, àmọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ṣì le gan-an, ó gùn, ó fẹ̀, igi gidi ni. Ọláwọlé gbé irin tí wọ́n fi ń tú síkúrù lọ bá a. Ìpẹtà ti jẹ irin tó de ilẹ̀kùn náà mọ́lẹ̀, síkúrù kò yí. Ó dá epo sí i, kò yí. Ó bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Ni onímọ̀ afárá bá fi ẹsẹ̀ ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó di ilẹ̀kùn mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì fà á ya bí ẹni ń fa ẹran ya. Òun àti ilẹ̀kùn jọ ṣubú sẹ́yìn. Ó dìde, ó gbọn ara rẹ̀, ó ní bí òun ti fẹ́ kó rí nìyẹn.

Ohun tó kàn ni bí ilẹ̀kùn yóò ṣe dúdú. Ọláwọlé rántí pé nígbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà, èédú àti ewé ẹ̀gẹ́ ni àwọn máa ń gún pọ̀, tí àwọn á fi pa pátákó kíláàsì kí tíṣà tó dé. Èédú kò ṣòro, èyí tí wọ́n fi sun ẹran lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì wà nínú irin ìsunran. Ewé ẹ̀gẹ́ ló kù. Ó wa ọkọ̀ lọ sí Yeoville, sí òpópó Rockey, níbi tí àwọn obìnrin Congo ti ń ta ewé ẹ̀gẹ́ fún ọbẹ̀. Ó bá ọ̀kan nínú wọn dúnàádúrà. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì ń ṣá mọ́ ẹnu.

"Ènìyàn mélòó ló máa jẹ ẹ́?" ni obìnrin náà béèrè, kó lè mọ iye tí yóò dì fún un.

"Kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. Ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ fi pa."

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó wo kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bu ẹ̀kúnwọ́ ewé mìíràn, ó fi ṣe èènì fún un, bí a ti ń ṣe fún ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Ó gún un. Ó pò ó. Ó fi àkísà pa á lára ilẹ̀kùn. Ká sọ tòótọ́, ilẹ̀kùn náà dúdú, ó dúdú bí ikin. Ọláwọlé gbé e ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó lè gbẹ, ó bọ́ sẹ́yìn, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń wò ó. Ó gbàgbé nǹkan kékeré kan. Ní Iléṣà, tíṣà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kan pátákó.

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Sunday, MaKhumalo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé láti Soweto. Aṣọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ ló wọ̀, búláòsì funfun gbòò tó ti fi áyọ́ọ̀nù nà tí ó fi le bí páálí. Ó wọlé, bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ti ohun tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti bọ́ ọ. Nígbà tí ó máa fi nàró, gbogbo ẹ̀yìn búláòsì ti di pátákó ìkọ̀wé.

Ariwo Tiwalọlá ló kọ́kọ́ ta. MaKhumalo fa ẹ̀yìn aṣọ síwájú, ó rí i. Ó yíjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. Ó sọ gbólóhùn kan ní Zulu, ó dúró de èsì.

Ọláwọlé mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó tẹ orí ba bí ọmọlúwàbí, ó fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ wí pé, "Yebo, Mama."

Ìyá náà la ojú. Ó tún sọ òmíràn.

"Yebo, Mama."

Ó sọ ẹ̀kẹta.

"Yebo, Mama," ni Ọláwọlé wí, ó sì fi ẹ̀rín díẹ̀ kún un, kí ara lè tu ìyá.

MaKhumalo wọ bàtà rẹ̀ padà. Ó jáde. Nomvula tó ń ti ilé ìdáná bọ̀ bá a lẹ́nu géètì, ó bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Aṣọ dúdú lẹ́yìn ni ó fi wọ takisí padà sí Soweto, lójú gbogbo ayé.

"Kí ni mo ṣe?" ni Ọláwọlé bi ọmọ rẹ̀. "Mo ṣáà ń bẹ̀ wọ́n."

Tiwalọlá túmọ̀ rẹ̀ fún un, láìfi nǹkan kan pamọ́. Gogo, bí ó ti ń pe ìyá ìyá rẹ̀, ti kọ́kọ́ béèrè pé, ṣé bí wọ́n ti ń tọ́jú ìyá ẹni nìyí? Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Gogo béèrè pé, ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbẹ̀ ni? Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Gogo wá béèrè pé, ṣé òmùgọ̀ ló pe òun ni?

Ọláwọlé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní kí Nomvula bá òun pe ìyá rẹ̀, kó bá òun bẹ̀ ẹ́.

"Mi ò bẹ̀ ẹ́ fún ọ," ni Nomvula wí. "Mo ti bá ọ kí i, mo ti bá ọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti bá ọ rẹ́rìn-ín sí àwàdà rẹ̀, láti ọdún mọ́kànlá. Ó ti rẹ̀ mí. Màámi ní òun kò tún wá mọ́, àfi bí o bá fi ẹnu ara rẹ bẹ òun, ní èdè tí òun fi ń lálàá."

Ẹ rò pé Ẹnjiníà yóò gbọ́ ìyẹn, kó lọ kọ́ Zulu lójú ẹsẹ̀. Rárá o. Ohun tó gbọ́ ni pé ọ̀dà tí òun lò kò dára.

Ó fi sáńpépà ha èédú kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó wá ọ̀dà dúdú tí onílé fi kun géètì, èyí tó ṣẹ́kù nínú agolo, ó sì fi kun ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí kò ràn mọ́ aṣọ. Ó ń dán ni. Ó dán débi pé Nomvula dúró níwájú rẹ̀, ó fi tọ́ ètè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọláwọlé mú ṣọ́ọ̀kì láti kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀kì yọ̀ ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó kán. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà kán. Nomvula tọ́ ètè tán, ó ní dígí tí ọkọ òun ṣe dára púpọ̀.

Ọmọ kó ṣọ́ọ̀kì tó kán lọ ṣeré ní tirẹ̀. Nígbà tó pẹ́, bàbá gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú balùwẹ̀, ó lọ wò ó, ó sì bá a tó ń ya ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan sára ògiri táìlì. Ó ti la ẹnu láti bá a wí. Ẹnu náà ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Lójú táìlì tó ń dán, ọ̀pọ̀lọ́ náà kò hàn, ó ti yọ̀ nù. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ojú ìlà tó wà láàárín táìlì sí táìlì, níbi tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú bíi sìmẹ́ńtì dí, ṣọ́ọ̀kì dì mọ́ ọn pinpin. Ọ̀pọ̀lọ́ abìlà.

"Má pa á rẹ́!" ni bàbá kígbe. "Má fọwọ́ kàn án!"

Tiwalọlá, tó ti ń wá ọ̀nà àtisá, dúró. Kò tíì sí ẹni tó yin ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀ tó báyẹn rí.

Lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi dí táìlì ṣì kù díẹ̀ nínú àpò, láti ìgbà tí wọ́n tún balùwẹ̀ ṣe. Ọ̀dà dúdú tí kì í dán náà kù, èyí tí Nomvula fi kun ihò ìyáná àtijọ́ inú pálọ̀. Ọláwọlé tún fi sáńpépà ha ilẹ̀kùn, ó ha á títí apá fi ń ro ó, tí dídán rẹ̀ fi tán. Ó ku lẹ́búlẹ́bú náà kúnná nínú asẹ́ tíì, ó bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀dà, ó rò ó bí ẹ̀kọ títí kò fi sí kókó kankan. Ó kùn ún ní ìbú, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún un kùn ní òró. Lẹ́yìn tó gbẹ pátápátá, ó dá ṣọ́ọ̀kì dùbúlẹ̀, ó fi gbo gbogbo ojú rẹ̀ títí ó fi funfun, ó sì fi àkísà nù ún kúrò. Dọ́sítà ńkọ́? Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan tí èkejì rẹ̀ ti sọnù ni, ó ki òwú ìrọ̀rí sí i, ó rán ẹnu rẹ̀ pọ̀. Irin kọ́tìnì tó ti wọ́ ló fi ṣe ibi tí ṣọ́ọ̀kì yóò máa dùbúlẹ̀ sí.

Ó kọ "A" sí i. A dúró.

Ẹ bá mi kí i. Ó ku kí ó gbé e kọ́. Ọláwọlé wọn ògiri, ó ṣe ìṣirò bí ilẹ̀kùn ti wúwo tó, ó ra síkúrù tí a lè fi de ẹsẹ̀ afárá. Ó lu ògiri. Ògiri Bertrams náà, tó dàgbà ju màmá Iléṣà lọ, ń rún bí àkàrà àná. Ó gbé ilẹ̀kùn kọ́ síbẹ̀ náà ni, torí ìṣirò kì í purọ́. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ìró kan dún gbòà, tí eruku sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé wá bá wọn nídìí oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ ni pátákó ń dúró sí, lórí agolo ọ̀dà méjì, tó fẹ̀yìn ti ògiri jẹ́jẹ́.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá kọ ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ sí pátákó, ó sì pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ó rò pé ọmọ yóò ní òun kò gbọ́ ìyàtọ̀ wọn. Ọmọ ní kí ó tún wọn pè, ó di ojú, ó gbọ́ gbogbo wọn yàtọ̀. Èdè ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ń gòkè, ń sọ̀kalẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ ló mọ̀. Bàbá ní orí òun ni ọmọ náà gbé wá. Nomvula yínmú.

Bí oṣù ti ń gorí oṣù, Tiwalọlá ń sọ ọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé kan, ó ní òun fẹ́ pe màmá fúnra òun. Ẹnjiníà sún mọ́ fóònù.

"Ẹ kú ilé o, Màmá," ni ọmọ náà wí. "Èmi Tiwalọlá ni."

Ayọ̀ sọ ní Iléṣà. Wọ́n ń gbọ́ bí màmá ti ń pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá gbọ́. "Ó dáa, ó dáa, máa sọ, ọmọ mi! Kí ni ìròyìn?"

Ìròyìn tó wà nílé ni pé wọ́n ra ọkọ̀. Ọmọ rántí ọ̀rọ̀ náà. Àmì orí rẹ̀ nìkan ló gbàgbé.

"A ní ọkọ tuntun."

"Hẹn?"

"Ọkọ tuntun. Ó pupa. Mọ́mì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an."

Gbogbo ará ilé tí wọ́n pè wá gbọ́ ló gbọ́ ọ.

"Ọláwọlé!" ni màmá kígbe. "Ọkọ tuntun! Ó tún wá pupa! Níbo ni o wà tí gbogbo èyí fi ṣẹlẹ̀?"

Ó gba Ẹnjiníà lákòókò kí ó tó ṣàlàyé tán pé inú gáréèjì ni ọkọ pupa náà ń sùn. Nígbà tó yé màmá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ padà fún òun. Àwọn méjèèjì sì sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀, nípa adìẹ màmá, nípa ilé ìwé, ọmọ ń ṣì í, màmá ń tún un ṣe, kò sí ẹni tó bi bàbá léèrè nǹkan kan mọ́. Ó dúró níbẹ̀ bí ògbufọ̀ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ síbi pátákó, ó fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó pín in sí méjì.

"Daddy, jókòó," ni ó fi Yorùbá wí. "Ó kàn ẹ́."

"Èmi kẹ̀?"

"Màmá Iléṣà ti gbọ́ ohùn mi. Gogo ńkọ́?"

Wọ́n máa ń ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Amúkùn-ún ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ẹnjiníà tó ti ń wo ẹrù orí ọmọ láti ọjọ́ yìí jókòó sórí àpótí, eékún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Tíṣà ọlọ́dún mẹ́sàn-án kọ "iqanda" sí apá kejì pátákó, ó ní ẹyin ni. Ó kọ "ixoxo", ó ní ọ̀pọ̀lọ́ ni. Lẹ́tà q àti x wọ̀nyí, ahọ́n ni wọ́n fi ń ta wọ́n. Àkọ́kọ́ ń dún bí ìgbà tí ìdérí ìgò bá já. Èkejì ń dún bí ìgbà tí a bá ń lé ẹṣin, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ikanda," ni Ẹnjiníà wí.

"Rárá."

"I... kò... anda."

"Daddy, o ò gbìyànjú."

Ó gbìyànjú. Ó gbìyànjú nínú ọkọ̀ nígbà tí róbọ́ọ̀tì, iná ojú pópó wọn, dá a dúró, títí àwọn tó wà nínú takisí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ń wò ó. Ó gbìyànjú lábẹ́ afárá, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé kòkòrò kó sí i lẹ́nu. Olúfẹ́mi wá kí wọn, ó bá a níwájú pátákó tó ń ta ahọ́n, ó fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní èyí tó ń kọ́ni ní Zulu wà nínú fóònù o." Ọláwọlé fi ìka han ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tó ń wá ti fẹ́ yọ, Nomvula sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹnì kan fẹ́ rí i. MaKhumalo wá. Aṣọ dúdú ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, látòkè délẹ̀, kò gbára lé ẹnikẹ́ni. Kò jókòó. Tiwalọlá gbo àtẹ́lẹwọ́ mọ́ pátákó, ó gbé e fún ìyá àgbà wò, eruku ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ ni, ó sì gbọ̀n ọ́n nù. Nígbà náà ni MaKhumalo jókòó, sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà.

Ọláwọlé dìde níwájú rẹ̀. Òógùn bò ó. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sára pátákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ kò yíjú wò ó.

"Ngiyaxolisa, Mama," ni ó wí. Ẹ má bínú, Mama. Àárín ọ̀rọ̀ náà ló ti kọsẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ta síbi tí kò yẹ.

MaKhumalo wò ó. Ó fi ìka pè é súnmọ́ ọn. Ó la ẹnu ara rẹ̀, ó fi hàn án ibi tí ahọ́n ń sùn sí ní ẹ̀gbẹ́ eyín, ó ta á fún un gbọ́, ó sì mi orí pé kí ó tún un wí. Ó tún un wí. MaKhumalo mi orí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tún un wí, ó tún un wí, Nomvula fi ọwọ́ bo ẹnu, Tiwalọlá ń bá bàbá rẹ̀ ta ahọ́n lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó yọ. Ó yọ geerege, bí ẹni ń lé ẹṣin.

"Ngiyaxolisa, Mama."

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀. Ó di ọwọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ bí òjò oṣù keje. Ọláwọlé ti fẹ́ sọ pé "Yebo", ó rántí, ó gbé e mì. Ó tẹ́ etí. Nínú gbogbo rẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó ti wà lápá ọ̀tún pátákó rí: "ukudla". Oúnjẹ. Ó gbọ́ òmíràn: "manje". Nísinsìnyí.

Ó sáré wọ ilé ìdáná, ó sì bu ìrẹsì wá. MaKhumalo tọ́ ọ wò, ó sọ gbólóhùn kúkúrú kan fún ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Ọláwọlé béèrè.

"Kọ́ ọ fúnra rẹ," ni Tiwalọlá dáhùn, ó sì na ọwọ́ sí ìkòkò iyọ̀.